Orin Ń Lọ, Ohùn Ò Jáde: Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà Rédíò Tó Yadi Lẹ́yìn Update

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rédíò ló ti wá jù, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ ní oríṣiríṣi ohùn: kọ̀ǹpútà tó ń gbé orin àti ìpolówó sórí afẹ́fẹ́ ṣe update, ilẹ̀ mọ́, kò sí ohùn. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹni tí ò ṣiṣẹ́ rédíò náà lè kà á o, kọ̀ǹpútà ilé yín mọ irú ìwà yìí hù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan n'Íbàdàn ni mo wà, RadioBOSS la fi ń gbé orin àti ìpolówó. Níjẹta Windows ṣe update fúnra ẹ̀ lóru, a dé ní ìdájí fún ètò àárọ̀, orin ń lọ o, iná aláwọ̀ ewé inú ẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ nǹkan kan ò dé míkísà. Ọ̀gá wa ní sound card (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde látinú kọ̀ǹpútà) ti jóná, ó ní ká lọ ra òmíràn, ẹni tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe sì wà l'Ékòó. Ṣé ká rà á ni? — Atọ́kùn ètò àárọ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ o, àbúrò. Iná tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ti dá ọ̀gá yín lóhùn: RadioBOSS ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó ń rán ohùn jáde, ibi tó ń rán an lọ ni kì í ṣe ibi tí wáyà míkísà yín wà. Card máa ń jóná lóòótọ́, ààrá lè sán, jẹnẹrétọ̀ lè gbé iná tó pọ̀ jù wá, àmọ́ èyí tó kú ní òru tí Windows ṣe update gan-an, mo máa ń kọ́kọ́ fura sí update.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù rèé. Update á gbé driver tuntun (software tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ) wá fún ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sójú monitor, ti Intel tàbí ti NVIDIA, driver yẹn á sì gbé ohùn tiẹ̀ dání torí wáyà HDMI ń gbé ohùn pẹ̀lú àwòrán, Windows á wá rí i bíi card tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, á fi jẹ olórí, ohùn yín á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú monitor tí ò ní spíkà kankan. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ di bọ́tìnnì Windows mú kí ẹ tẹ R, ẹ kọ mmsys.cpl, ẹ tẹ Enter. Gbogbo card tó wà nínú kọ̀ǹpútà á tò sílẹ̀ lábẹ́ Playback. Ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, kí ẹ wo èyí tí ìlà kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń mì. Èyí tó ń mì yẹn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lohùn wà. Tó bá jẹ́ orúkọ monitor yín lẹ rí níbẹ̀, ẹ ti rí olè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá ní kẹ́ ẹ kàn fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ card yín, kẹ́ ẹ fi ṣe Default (olórí tí mo ń sọ yẹn), ó tán. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín o. Card tó ń lọ sórí afẹ́fẹ́ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ Default, torí gbogbo nǹkan tó bá fẹ́ pariwo nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ Default ló ń gbà: ìró WhatsApp, "tìn-ìn" tí Windows ń ṣe tí fláàṣì bá wọlé, fídíò tí ọmọ IT yín ṣí lórí Facebook. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò rí, wọ́n ń ka ìkéde òkú lọ́wọ́, wọ́n ń dárúkọ àwọn ọmọ àti àwọn àna olóògbé, WhatsApp sì ń dún "pọ́ọ̀, pọ́ọ̀" láàrin ẹ̀. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ fi card tó bá kọ̀ǹpútà wá látilé ṣe Default, kí ariwo máa lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọ sẹ́tìnsì RadioBOSS lọ mú card gidi yín ní orúkọ, fún orin, fún jingle, fún ibi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ nǹkan kó tó jáde. Níbi yòówù tẹ́ ẹ bá ti rí i tó kọ "Default" sínú sẹ́tìnsì yẹn, ẹ yí i padà sí orúkọ card. Tó bá ti jẹ́ orúkọ ló mọ̀, Windows lè fi ẹni tó bá wù ú jẹ olórí, kò kàn yín mọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí náà ní wàhálà tiẹ̀ o. Card USB yín lè máa jẹ́ "USB Audio CODEC" tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá rí i lẹ́yìn update tó ti di "2- USB Audio CODEC". Card kan náà ni, Windows ló kà á sí àlejò, RadioBOSS á máa wá orúkọ àtijọ́ kiri, kò ní rí i. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá yọ ọ́ tó sì tì í bọ ojú ihò USB míì. Ẹ dá a padà sójú ihò tó wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Tí orúkọ ò bá padà, ẹ lọ mú orúkọ tuntun yẹn nínú sẹ́tìnsì, ayé ò bàjẹ́.

Tí card yín bá jẹ́ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà gan-an, ẹ wo Device Manager, níbi tí Windows to gbogbo ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà sí. Tẹ́ ẹ bá rí "High Definition Audio Device" níbi tó yẹ kí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe card wà, ó jẹ́ pé update ti yọ driver wọn, ó fi ti Windows rọ́pò ẹ̀. Ẹ ṣí Properties, ẹ lọ sí Driver, ẹ tẹ Roll Back Driver. Tí bọ́tìnnì yẹn bá ti ṣú tí kò ṣeé tẹ̀, ẹ tún driver wọn fi sí i látorí fáìlì tó wá pẹ̀lú card. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí tí ohùn yín ṣì ń jáde, fáìlì yẹn dà? Ẹ lọ wá a lónìí, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi méjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, tiwa yàtọ̀. Ohùn ń jáde dáadáa, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ṣe. Àfìgbà tí olóṣèlú kan wá ní ká fún òun ní ohun tí alátakò òun sọ lórí ètò wa, a ṣí fáìlì tí kọ̀ǹpútà ń gbà sílẹ̀ lójoojúmọ́, dákẹ́ ló ń ṣe látòkè délẹ̀, fáìlì náà tóbi bó ṣe yẹ o, kò sí ohùn nínú ẹ̀. — A ò mọ ohun tá a máa sọ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tolóṣèlú kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí Settings, Privacy, Microphone. Láti ìgbà tí Windows 10 version 1803 ti jáde lọ́dún 2018, bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ ò mọ sórí mic nìkan mọ́, gbogbo ohun tó bá ń wọ kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́, títí kan wáyà line-in tó ń bọ̀ láti míkísà yín. Tí update bá ti pa á, software tó ń gbà sílẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe, òfìfo lá máa kọ sílẹ̀. Ẹ tan èyí tó wà lókè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tan èyí tó sọ pé kí desktop apps lè lò ó. Látòní lọ, kí ẹnì kan máa ṣí fáìlì àná láràárọ̀, kó gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ létí ara ẹ̀. Bí fáìlì ṣe tóbi tó ò sọ nǹkan kan fún yín, òfìfo náà ń gba àyè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, láti Peckham ni mo ti ń kọ̀wé. À ń ṣe rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ Yorùbá níbí, Sátidé àti Sọ́ńdè. Ní January 2025, DAC USB (sound card ìta tó ń yí dátà padà sí ohùn) tí mò ń lò dédé kọ̀, Device Manager kọ Code 10 sí i, ó ní "insufficient system resources". Mo ra RAM kún un, kò gbọ́. Mo wá yọ update tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kúrò, ó padà ṣiṣẹ́! Látìgbà yẹn mo ti pa Windows Update pátápátá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi wá ń bá mi jà pé ohun tí mo ṣe léwu. — Ìyá ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ẹjìrẹ́, ẹ sì bá mi kí ọmọ yẹn torí òótọ́ ló sọ. RAM ò mọwọ́ mẹsẹ̀, DAC yín náà ò ṣe nǹkan kan. Update ààbò tí Microsoft gbé jáde ní January 14, 2025 ló dá a sílẹ̀, KB5050009 ló ń jẹ́ lórí Windows 11 24H2, KB5049981 lórí Windows 10, àwọn DAC tó ń lo driver USB audio 1.0 ló sì bá jà. Ọ̀rọ̀ "resources" tí kọ̀ǹpútà kọ síbẹ̀ ló ṣì yín lọ́nà, èèyàn á rò pé ìrántí ló kéré. Microsoft fúnra wọn gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ń gbé àtúnṣe jáde kí oṣù yẹn tó parí. Update Windows máa ń kó èyí tó ṣáájú mọ́ra, ìyẹn ni pé èyí tẹ́ ẹ bá gbà lónìí ti ní àtúnṣe yẹn nínú. Torí náà ẹ tan án padà, kẹ́ ẹ ṣe é ní Mọ́ńdè tí ètò ò sí, kì í ṣe Fúráìdè alẹ́.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí o. Ní October 2018, Windows Update fi driver ohùn Intel kan, version 9.21.00.3755, ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tí kò tọ́ sí, ohùn lọ. Wọ́n ní láti ṣe update míì, KB4468550, kó lè yọ ọ́ kúrò. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà update tó wọlé kẹ́yìn wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rí nọ́ńbà yẹn nínú Update history. Tó bá jẹ́ òun ló ń dà á rú, kò ní jẹ́ ẹ̀yin nìkan, àwọn míì á ti pariwo.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ n lẹ́ sà. Rédíò ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni tiwa, owó ò sí, Rivendell (software rédíò ọ̀fẹ́) lórí Linux, tí kì í ṣe Windows, la ń lò, kò sì yọ wá lẹ́nu rí. A ṣe apt upgrade (update ti Linux), a tún kọ̀ǹpútà tàn, gbogbo ẹ̀ ló dákẹ́. Ẹnì kan ní ká fọ gbogbo ẹ̀ ká tún bẹ̀rẹ̀. — Àwọn ọmọ stúdíò, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ fọ kíni? Orin tẹ́ ẹ ti kó sínú ẹ̀ láti ọdún yìí wá ńkọ́? Ẹ rọra. Ẹ ṣí terminal, ẹ kọ `cat /proc/asound/cards`. Ẹ máa rí nọ́ńbà, lẹ́yìn náà orúkọ kúkúrú tó wà láàrin àmì bíi [HDMI] tàbí [CODEC]. Ó dá mi lójú dé ìwọ̀n àyè kan pé HDMI lẹ máa rí ní 0, tí card USB yín á ti sún sí 1 tàbí 2. Bí Linux ṣe ń fún wọn ní nọ́ńbà nìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń gba 0, kernel (ọkàn Linux) tuntun sì lè yí ẹni tó ń kọ́kọ́ jí padà. Rivendell yín ṣì ń sọ̀rọ̀ sí 0, ó wá ń kọrin fún monitor.

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Nínú fáìlì /etc/asound.conf, níbi tí rd0 (orúkọ tí Rivendell fi ń pe card àkọ́kọ́) wà, tẹ́ ẹ bá rí `card 0`, ẹ yọ 0 yẹn kẹ́ ẹ fi orúkọ inú àmì yẹn síbẹ̀, bíi `card CODEC`. Nọ́ńbà lè máa sá kiri bó ṣe wù ú, orúkọ ò ní yí. Àwọn míì máa ń kọ `options snd_usb_audio index=0` sínú fáìlì kan ní /etc/modprobe.d, kí wọ́n sì fún snd_hda_intel (driver HDMI àti ti card inú kọ̀ǹpútà) ní nọ́ńbà míì, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ orúkọ wù mí jù. Àfi tẹ́ ẹ bá ní card méjì tó jọra bí ìbejì, ìgbà yẹn ẹ máa ní láti fi udev (ohun tó ń bá Linux dá ẹ̀rọ mọ̀) dá wọn mọ̀ nípa ojú ihò USB tí kálukú wà, iṣẹ́ ọjọ́ míì nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó pé ẹ ti ṣe tán, ẹ kọ `alsamixer`, ẹ tẹ F6, ẹ mú card yín. Tẹ́ ẹ bá rí MM lábẹ́ ọ̀pá ohùn, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn, ẹ tẹ M, ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ fi `sudo alsactl store` tọ́jú ẹ̀. Tó bá ṣì dákẹ́, ẹ kọ `sudo fuser -v /dev/snd/*` kẹ́ ẹ wo ẹni tó di card mú. Caed, apá Rivendell tó ń gbé ohùn, ló yẹ kẹ́ ẹ rí tẹ́ ẹ bá ń lo ALSA (ọ̀nà ohùn Linux fúnra ẹ̀) tààrà. Tó bá jẹ́ pulseaudio tàbí pipewire, tó ń bójú tó ohùn desktop, lẹ bá níbẹ̀, òun ló ṣáájú yín gbà á. Kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́ ò nílò kó máa kọrin lórí desktop, ẹ pa á fún user yẹn.

Ẹ̀yin míì tó ń lo card AudioScience lórí Rivendell, ti yín tún lágbára díẹ̀. Driver HPI tí wọ́n ń lò, kernel kan pàtó ni wọ́n kọ́ ọ fún, kernel tuntun bá dé, driver ò sí nínú ẹ̀, card á wà níbẹ̀ bí igi. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, tí GRUB (ojú ìwé tẹ́ ẹ ti ń yan ohun tí kọ̀ǹpútà máa fi tàn) bá yọjú ẹ lọ sí Advanced options kẹ́ ẹ mú kernel àtijọ́, ohùn á dé, ètò á máa lọ. Lẹ́yìn náà lẹ tó wá jókòó kọ́ driver náà fún kernel tuntun. Ẹ fi `apt-mark hold` di kernel mú kó má máa yí láìgbàṣẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, mo ti ń ṣe iṣẹ́ rédíò láti ayé téèpù ńlá ńlá yẹn, mo ti fẹ̀yìn tì, mo wá dá kékeré kan sílẹ̀ nílùú wa l'Ékìtì. Téèpù ò ṣe update láyé tiwa o. Ṣé kí n kúkú gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní kò ṣeé ṣe. — Bàbá Onírédíò, Èkìtì

ÌDÁHÙN: Mo dọ̀bálẹ̀ o, Bàbá. Ó ṣeé ṣe dáadáa sà, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín fẹ́ máa wo Facebook lórí ẹ̀ ni. Ẹ gé e. Àmọ́ ẹ má rò pé ewu ti tán nìyẹn, torí ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọ kọ̀ǹpútà rédíò níbí, fláàṣì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Onípolówó á gbé fláàṣì wá, olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo jáde á gbé tiẹ̀ wá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó gba àkókò á gbé ètò tó ti ká sílẹ̀ wá, inú kọ̀ǹpútà kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹ ya kọ̀ǹpútà míì sọ́tọ̀ fún fláàṣì àti íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni kó máa gba update déédéé kó sì máa yẹ gbogbo fáìlì wò, kí wọ́n wá fi wáyà nẹ́tíwọ̀kì inú ilé gbé orin kọjá sọ́dọ̀ èyí tó ń gbé ètò.

Tí Windows 10 lẹ ṣì ń lò, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ẹ̀ dúró láti October 14, 2025. Tẹ́ ẹ bá rí i pé update ò da yín láàmú mọ́, ohun tó fà á nìyẹn o, kì í ṣe pé ó ti gbọ́ràn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Èyí tó bá wá pọn dandan kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí pé ó ń gbé ètò lọ sórí app, ẹ rí i pé Windows Pro ló wà lórí ẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣí gpedit.msc, kó wọ Windows Update, kó tan "Do not include drivers with Windows Updates". Èyí nìkan á gbà yín lọ́wọ́ ìdajì ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá. Ẹ lè dá update dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́yìn náà á ní dandan ni kẹ́ ẹ gbà á. Kẹ́ ẹ tó gbà á, kí wọ́n fi Clonezilla, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ya gbogbo inú hard disk sínú òmíràn. Tí update bá bà á jẹ́, ẹ dá ti àná padà, ètò ń lọ. Àti iná, Bàbá: kí UPS wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o. Kí wọ́n mú iná lọ nígbà tí update ṣì ń wọlé lọ́wọ́ burú ju kéèyàn má ṣe é rárá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Tiwa ń jáde o, àmọ́ ó ń ṣe kra-kra, tó bá sì ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ jingle tó tẹ̀lé e á gé. Lẹ́yìn update ló bẹ̀rẹ̀. — Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Windows ń ṣọ́ iná lò. Ẹ wọ Power Options, High performance ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ wá inú ẹ̀ dé USB selective suspend, ẹ pa á. Ẹ lọ sí Device Manager, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti rí USB Root Hub, ẹ ṣí Power Management ẹ̀, ẹ yọ àmì kúrò lójú èyí tó ní kọ̀ǹpútà lè pa á láti ṣọ́ iná. Nínú Properties card yín, ẹ pa gbogbo enhancements (àfikún tó ń yí ohùn padà). Tí kra-kra yẹn bá ṣì wà, ẹ lọ gba LatencyMon, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nígbà tí ètò ń lọ, á dárúkọ driver tó ń dí ọ̀nà fún yín. Tó bá jẹ́ ti Wi-Fi ló dárúkọ, ẹ pa Wi-Fi, ẹ fi wáyà.